Abẹ́rẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé

Ọjọ́ Ajé, 24 oṣù kìn-ín-ní, 1977

Ọyẹ́ mú lónìí débi pé ètè mi là sí méjì níbi tí mo ti ń pe àpèkọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lẹ́nu gbogbo Ṣábẹ̀: àwọn jagunjagun àjèjì tó já bọ́ láti ojú ọ̀run sí Kútọnu lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àti àrùn èèyi. Rédíò ní kí a máa wo ojú àlejò dáadáa. Èèyi kò ní ojú tí a lè wò. Ó ti mú ọmọ mẹ́ta lọ ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin, ọ̀dọ̀ wa ló sì kọjú sí.

Ìbejì mi pé oṣù mẹ́wàá lọ́la. Bàbá wọn, Ìlọ̀rí, ń bẹ ní Parakou lẹ́nu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń tọ́ wọn. Bí mo bá wà ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ Ìyá ni wọ́n ń wà. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Rosalie yà kí mi. Òun ni agbẹ̀bí nílé ìwòsàn, àwa méjèèjì la jọ kàwé dé ìdánwò BEPC. Mo ní èmi ṣe èèyi ní kékeré, mo sì ń fún àwọn ọmọ lọ́mú, ṣé ìyẹn ò tó?

Ó ní, “O rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ẹ̀jẹ̀?”

“Mo rántí pé mo gba mọ́kànlá nínú ogún.”

“Ìyẹn ni pé ìdajì lo mọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ní, “Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti rí èèyi rí, ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wà nínú rẹ, o fi díẹ̀ nínú ìmọ̀ yẹn wọ̀ wọ́n bí aṣọ. Aṣọ àyálò ni. Láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, ó ti gbó, ó ti ya. Ọmú ò lè rán an. Ara ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ hun tirẹ̀.”

“Kí ló máa fi hun ún?”

“Àwọn alábẹ́rẹ́ àjẹsára ń bọ̀ lọ́jọ́rú. Má jẹ́ kí ó fò ọ́.”

Látìgbà tó ti lọ, mi ò yé wo àwọn ọmọ méjèèjì bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ nínú ọyẹ́.

Ọjọ́rú, 2 oṣù kejì

Ọjọ́ tí àwọn alábẹ́rẹ́ dé náà ni alábẹ̀wò wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa! Mo bẹ Jean-Baptiste, dìrẹ́tọ̀ wa, pé kó fún mi ní wákàtí kan. Ó ní, “Kàmáráàdì, ìjà ń tẹ̀síwájú, kíláàsì náà ń tẹ̀síwájú.” Ìyá ni mo rán lọ. Kẹ́hìndé sì ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ Àìkú, ọkàn mi ò sí nínú ìṣirò tí mo ń kọ sójú pátákó. Mo ṣi mẹ́jọ lọ́nà méje kọ níwájú alábẹ̀wò. Ọmọ kan ló tún un ṣe fún mi.

Lọ́sàn-án mo sáré délé. Ìyá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kàátì méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ wà lára méjèèjì, tádáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ tán.

“Ó ti parí, ìyàwó mi. Ti èèyi, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ti Táyé rèé, ti Kẹ́hìndé rèé.”

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń sùn. Mo jẹ ẹ̀bà tán pátá, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ara Táyé gbóná láti àná. Kẹ́hìndé ò ṣe nǹkan kan, ikọ́ rẹ̀ gan-an ti lọ. Mo gbé Táyé sáré lọ bá Rosalie.

Ó fọwọ́ kàn án níwájú orí, ó ní, “Ọjọ́ kẹjọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Èèyi aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ti pa agbára rẹ̀. Ara Táyé ń wò ó, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Iṣẹ́ yẹn ló mú ara gbóná.”

“Kẹ́hìndé ńkọ́?”

“Ọmọ mìíràn ń kẹ́kọ̀ọ́ láì pariwo. Ṣé o ò rí wọn ní kíláàsì rẹ?”

Mo rí wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọmọ tí kò sí ní kíláàsì náà kì í pariwo. Inú mi ò balẹ̀, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Ara Táyé ti tutù. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Fàúsátù, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa, ti Ṣakí dé nírọ̀lẹ́ àná, òun àti ọkọ rẹ̀ Alassane àti Kamarou, ọmọ wọn ọlọ́dún méjì. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó ń wúkọ́. Fàúsátù ní ọyẹ́ ojú ọ̀nà ni. Nígbà tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ara ọmọ ti sú láti ẹ̀yìn etí dé àyà. Èèyi ni.

Àwọn ará ilé ń ti ilẹ̀kùn. Èmi, mo pọn Táyé, mo gbé Kẹ́hìndé lápá, mo wọlé lọ bá a. Kẹ́hìndé já ife omi gbà lọ́wọ́ Kamarou, ó sì mu ún.

“Màmá Ìbejì, ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Àwọn tèmi ti gba abẹ́rẹ́, Fàúsátù. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fẹ́ ẹ.”

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ra aṣọ tuntun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Gbogbo ilé ti sùn, mo tan fìtílà láti kọ èyí.

Ìyá lọ sí oko wọn ní Bessé láàárọ̀, èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Rosalie ti sọ fún mi pé níbi tí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, egbò kékeré kan á yọ lápá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí n má bẹ̀rù. Mo rí egbò náà lápá ọ̀tún Táyé. Mo tún rí òmíràn lápá òsì rẹ̀. Mo gbé Kẹ́hìndé. Apá rẹ̀ méjèèjì ń dán bí àwo tuntun.

Mo rò pé mo ṣì wọ́n mú. Mo wo ẹ̀yìn etí, àmì dúdú Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Mo tún apá wò nígbà mẹ́ta.

Ìyá dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ru igi. Mi ò jẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ìyá, ta ni wọ́n fún lábẹ́rẹ́?”

“Àwọn méjèèjì.”

“Apá Kẹ́hìndé mọ́, Ìyá.”

Ó sọ igi kalẹ̀. Ó jókòó lé e lórí.

“Ara ọmọ yẹn ò yá lọ́jọ́ náà. Mo sì dé ibẹ̀, ìbọn ni wọ́n mú lọ́wọ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbọn ni ojú mi rí. Ìbọn, ìyàwó mi! Nínú oṣù tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dún ní Kútọnu! Mo ní èmi ò ní gbé aláìsàn síwájú rẹ̀. Mo gbé Táyé, ara tirẹ̀ yá. Wọ́n yìn ín fún un. Mo gbé e padà wálé, mo pààrọ̀ ẹ̀wù rẹ̀, mo mú kàátì Kẹ́hìndé, mo tún gbé e lọ. Mo ní kí wọ́n lo apá kejì.”

“Kí ló dé, Ìyá?”

“Kí ló dé kẹ̀? Ta ló rán Táyé wá sáyé? Kẹ́hìndé ni àgbà. Òun ló ní kí àbúrò òun lọ tọ́ ayé wò, bó bá dùn kó ké sí òun. Ẹni tó tọ́ ayé wò fún un, ṣé kò lè tọ́ abẹ́rẹ́ wò fún un? Wọ́n ní ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, ká ṣe é fún èkejì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò yan ọ̀kan jẹ.”

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́. Lára ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹni tó bí ọkọ mi ni, mi ò lè pariwo lé e lórí. Mo ní, “Ìyá, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun. Bí Táyé bá yó, ṣé ebi á kúrò nínú Kẹ́hìndé?”

Ó wo ẹ̀gbẹ́ yàrá Fàúsátù. Ó ní, “Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé wọn lọ kí Fàúsátù káàbọ̀. Kẹ́hìndé ló sùn sí itan rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kamarou.”

Àbámẹ́ta. Mo ti ń ka ọjọ́ láti Àìkú.

Ọjọ́rú, 23

Rosalie ò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní abẹ́rẹ́ ti tán ní Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn alábẹ́rẹ́ wà ní Kaboua títí di òní. “Bí wọ́n bá gún un kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé láti ìgbà tó pàdé aláìsàn, ó ṣeé ṣe kó bọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà míì. Máa lọ.”

Mo fi Táyé sílẹ̀ fún Ìyá, mo pọn Kẹ́hìndé, mo wọ kàmíọ̀n tó ń lọ kó òwú. Owó ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láti ìgbà ìjà Kútọnu. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n dá wa dúró nígbà méjì. Ní ibi kejì, ṣójà kan ní kí n tú ọ̀já.

“Kí ló wà lẹ́yìn rẹ, kàmáráàdì?”

“Ọmọ ni.”

“Tú u, kí n rí i.”

Awakọ̀ wa yọ orí síta. “Ọ̀gá, ọmọ oṣù mẹ́wàá kì í ṣe jagunjagun àjèjì. Àfi tó bá tọ̀ sí yín lára ni kí ẹ tó mú un.”

Ṣójà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣì ní kí n tú u. Oòrùn ń lọ. Mo fẹ́ gbá a létí.

A dé Kaboua lẹ́yìn agogo méjì. Lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti ń ká tábìlì. Dieudonné ni wọ́n ń pe olórí wọn, ó tínrín, ó dé fìlà oko. Ó wo kàátì Kẹ́hìndé, ó dá a padà fún mi.

“Kàmáráàdì, ọmọ yìí ti gbà á. Òǹtẹ̀ mi nìyí.”

“Kì í ṣe òun ló gbà á.”

“Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?”

Mo bọ́ ẹ̀wù ọmọ, mo fi apá rẹ̀ hàn án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn: Ìyá, ìbọn, ẹ̀wù tó pààrọ̀, Táyé tó gba ti méjèèjì. Àwọn obìnrin tó kù níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí gbòǹgbò ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kí lẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀. Kẹ́hìndé ló rán an.” Ẹ̀rín sì dá.

Dieudonné ṣí àpótí. Yìnyín inú rẹ̀ ti di omi tán, kù díẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí wọ́n ti ṣí.

“Ìgbà wo ló kọ́kọ́ sún mọ́ aláìsàn?”

“Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta.”

Ó fi ìka kà á. “Ọjọ́ mẹ́ta ti pé nírọ̀lẹ́ àná. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìyá. Èèyi gidi ti wọlé, ó ń rọra rìn. Ti inú abẹ́rẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá ló ń gbà. Bí ara ọmọ bá tètè kẹ́kọ̀ọ́ lára aláìlágbára, alágbára á dé bá a tó ti múra. Bí kò bá tètè...” Kò parí rẹ̀.

Ó mú ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ tó dà bí ìbọn náà, ó yìn ín. Kẹ́hìndé ké débi pé adìyẹ sá. Mi ò gbọ́ igbe tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmú mi ti wú, ó le bí òkúta, èyí tó jẹ́ ti Táyé tó ń dúró dè mí nílé.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Wọ́n pé oṣù mọ́kànlá lónìí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 27

Kamarou kú láàárọ̀ yìí. Èèyi wọ inú àyà rẹ̀, kò lè mí mọ́. Alassane ti sin ín kí oòrùn tó là dáadáa. Mo jókòó ti Fàúsátù, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nínú ọkàn mi, mò ń ṣírò: ọjọ́ kẹjọ lònìí láti Àbámẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ lágbàlá. Hélène, aṣojú àwọn obìnrin àdúgbò, dúró láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, ó ní, “Àwọn ọmọdé ń lọ, àwọn arúgbó ń sanra.” Ìyá ló sì ń wò. Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láti èṣí, tí wọ́n ti ń kó àwọn ìyá arúgbó lọ jẹ́wọ́ àjẹ́ lórí rédíò. Ìyá tẹ orí ba. Bí Hélène bá gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́, ó tán.

Fàúsátù ló sọ̀rọ̀, ẹni tí ọmọ kú fún. “Hélène, ẹ fi ìyá yẹn sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin ti ilẹ̀kùn, òun ló ń fi omi tútù nu ọmọ mi lára.”

Hélène ní òun ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹta

Mo fọwọ́ kan orí Kẹ́hìndé tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbá ọwọ́ mi dànù. Kò gbóná. Ìyá kì í gbé e mọ́ láti ọjọ́ Kaboua. Bó bá ń sunkún, èmi ló ń pè. Ó ní ọwọ́ òun ò mọ́ fún un.

Ọjọ́bọ̀, 3

Ó gbóná.

Mo rán ọmọ kíláàsì mi kan sí Rosalie, ó dé ní wákàtí ìsinmi. Ó ka ọjọ́, ó tún un kà, ó sì jókòó.

“Ọjọ́ kejìlá láti ọ̀dọ̀ Kamarou. Ọjọ́ kẹjọ láti Kaboua. Méjèèjì bọ́ sí àkókò kan náà. Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ó lè jẹ́ èèyi fúnra rẹ̀.”

“Báwo la ṣe máa mọ̀?”

“Ojú rẹ̀ bó bá pọ́n. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó bá ní kóró funfun bí iyọ̀. Bí ara bá sú, bó ṣe pọ̀ tó. Àti bóyá ó ń mu ọmú.”

“Mo fẹ́ mọ̀ lónìí.”

“Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Mo béèrè bóyá kí n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní rárá, kí Táyé sùn tì í. “Ẹ̀jẹ̀ Táyé ti mọ̀ ọ́n. Bí èèyi bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lé e kó tó jókòó.”

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Àbí ẹkún ló fà á? Mo la ẹnu rẹ̀ lójú oòrùn, mo wò ó. Mo rí funfun kan. Mo fi ìka nù ún, wàrà ni. Mo tún wò. Mi ò rí nǹkan kan. Mo tún wò.

Mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́. Jean-Baptiste lè kọ orúkọ mi sílẹ̀ bó bá wù ú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5

Ara rẹ̀ sú. Mo kà wọ́n: mọ́kàndínlógún, lọ́rùn àti níwájú orí. Ti Kamarou ò ṣeé kà. Mo di ìyẹn mú bí ẹni di ẹ̀ka igi mú lójú omi.

Lọ́sàn-án, ó di mọ́kànlélógójì. Ó kọ ọmú.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó pariwo lórí páànù, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ooru sì tún lé sí i. Ó ṣì kọ ọmú. Mò ń fún wàrà sínú ife, mò ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Ìdajì ń ṣàn jáde. Táyé ń lá ṣíbí náà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi tí mi ò lè wọ̀. Èmi ni mo gbé e sínú fún oṣù mẹ́sàn-án, èmi ni mo mọ ohùn ẹkún rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó dá wà. Ìyá ò lè bá a wọlé. Ìbejì rẹ̀ ò lè bá a wọlé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tí a yà sínú ìwé ní kíláàsì, tí mo kùn ní búlúù láti fi gba máàkì, wọ́n wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi kọ́ wọn níṣẹ́. Mo ń bẹ̀ wọ́n. Mo ti gbàdúrà sí Màríà, mo wá ń bẹ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá. “Ìyàwó mi, bó bá jẹ́ pé ó lọ, fúnra mi ni mo máa lọ bá Hélène.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀.”

“Mo ní fúnra mi ni.”

Mo ní kí ó wá jókòó. Kò wọlé.

Ọjọ́ Ajé, 7

Kò sí èyí tó yọ lónìí. Ó ṣì gbóná. Ṣíbí márùn-ún láàárọ̀, mẹ́jọ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Rosalie dé ní agogo mẹ́wàá. Ó fọwọ́ kàn án níwájú orí, lábẹ́ abíyá, ní ikùn. Ó gbọ́ àyà rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó ní ara ti tutù, àyà mọ́. Àwọn tó sú ti ń ṣá.

“Èwo nínú wọn ni, Rosalie?”

“Mi ò lè sọ fún ọ. Bóyá abẹ́rẹ́ nìkan. Bóyá èèyi dé, ó bá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójúfò. Bóyá wọ́n pàdé lọ́nà. Mi ò ní ẹ̀rọ tó lè wò ó, ó sì lè jẹ́ pé a ò ní mọ̀ láé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti hun aṣọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò yá a.”

Ó lọ bá aboyún kan tó ń rọbí. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé Kẹ́hìndé lé itan, mo kó ọmú sí i lẹ́nu láì retí ohun kan. Ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó gé mi jẹ, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Mo figbe ta.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ níta ju ọwọ̀ nù. “Ó ti lọ! Yéè, ó ti lọ!” Ó já wọlé, Fàúsátù tẹ̀ lé e, ìborí rẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn.

“Kí ló ṣe é?”

“Ó gé mi jẹ!”

Wọ́n wò mí. Mo fi hàn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà lórí ọmú. Kẹ́hìndé ń wò wá bí ẹni tí a dí lọ́wọ́ lẹ́nu oúnjẹ. Ìyá jókòó sílẹ̀ gbì, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún láàárín méjì. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo gbé e fún un. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń wo apá rẹ̀ níbi tí egbò kékeré ti ń pọ́n bọ̀, kò sì fọwọ́ kan ibẹ̀.

Fàúsátù náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ kú ewu, Màmá Ìbejì.” Ó tún ìborí rẹ̀ dè, ó sì yára jáde. Mo gbọ́ bó ṣe rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìyá dá ọmọ padà fún mi. Mo fún un ní ọmú kejì, mo sì fi eyín di ètè mi, kí n má baà ké mọ́.